Ọwọ́ Òsì Tí Mo Gbé Lọ Sílùú Òtútù

Ẹ̀yin ará Lalupon, ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé gáréèjì lọ́jọ́ tí mò ń lọ, tí ẹ sì ti ń pè mí ní Dókítà kí n tó gbé ẹsẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, mo kí yín o. Mo ti dé. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni ajá ń wọ ẹ̀wù níbẹ̀. Òótọ́ ni. Mo rí ọ̀kan tí ẹ̀wù òtútù rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì mi ni.

Kí n tó lọ

Àwọn tó bá mi dàgbà mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Òsì ni mo fi ń ju òkò sí máńgòrò, òsì náà ni mo fi ń bu òkèlè. Bàbá mi, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, kò gbà fún mi rárá. Wọ́n ní ọmọ tó bá na òsì sí àgbà, èébú ló bú u. Pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju òsì mi lọ. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni wọ́n máa ń sọ, pàṣán á sì ṣe àmín. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, òsì mi ti fẹ̀yìn tì. Ó wà lára mi lásán ni.

Nígbà tó yá, mo kàwé, mo di olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì kan n'Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún 1990, wọ́n fún mi láyè ọdún kan láti lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílùú òyìnbó. Àdéhùn náà kò lọ́jú pọ̀. Bí mo bá wọn ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, mo di ọ̀mọ̀wé. Bí n kò bá rí i, mo padà wálé bí mo ṣe lọ. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ dúró kí n lọ ná. Ìyá Rísí, ará ilé kejì wa, ti gbé orúnkún wọn wá fún mi kí n tó di ẹrù mi. Mo ṣàlàyé pé dókítà ìwé ni mo fẹ́ dà, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà bá wọn wo orúnkún náà ná. Mo wò ó.

Ìlú tí wọn kì í kí ara wọn

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú dà yín láàmú. Ó gbéra, ó balẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, ilẹ̀ sì ti ṣú bí ẹni pé wọ́n gbé ìkòkò dé wa lórí. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú ti ọyẹ́ wa tó kàn ń bó èèyàn létè. Tiwọn máa ń wọ inú egungun lọ jókòó, bí àna tó wá kí ni tí kò ní lọ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde, mo ń kí èèyàn. Mo kí ẹni mẹ́tàdínlógún, ajá kan ló dáhùn. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, mo bá bàbá arúgbó kan níbẹ̀. Mo tẹríba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ láti kí wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Bàbá náà wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì lóṣòó tì mí. Àwa méjèèjì wá jọ ń wá ohun tí wọ́n rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi. A wá a títí bọ́ọ̀sì fi dé. Wọ́n bá mi kẹ́dùn gan-an pé a kò rí i.

Obìnrin tó gbà mí sílé ń jẹ́ Jíìnì, opó kan tó ní ológbò sísanra kan. Wọ́n tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má pe àwọn ní Mà, pé ó ń sọ àwọn di arúgbó. Mo wá ń pè wọ́n ní Jíìnì lẹ́nu, mo ń pè wọ́n ní Ìyá Jíìnì nínú ọkàn. Èdè wọn náà kò ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò fún ajá ni wọ́n ń lò fún àgbàlagbà, nítorí náà ẹ má bínú bí ẹ bá rí i tí àgbà àti ọmọdé ń pe ara wọn ní "ìwọ" nínú ìtàn yìí.

Oúnjẹ wọn, pòtétò ni. Wọ́n á sè é lónìí, wọ́n á dín in lọ́la, wọ́n á gún un lọ́túnla, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n. Ata kò sí. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì tútù ni, tí wọ́n fi kùkúmbà tútù há láàárín, kí ẹ sì jẹ ẹ́ nínú òtútù. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àárò ilé sọ mí, mo bu gàrí tí ìyá mi dì fún mi sínú abọ́, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ wá ṣúgà. Kí n tó dé, Ìyá Jíìnì ti dà á sínú ike tí ológbò ń ṣu sí. Wọ́n rò pé iyanrìn tuntun ni mo rà fún ológbò náà, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn. Gàrí Lalupon. Ológbò náà gbóòórùn rẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ̀ láti lò ó. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ológbò yẹn ti di ọ̀rẹ́.

Bàbá tí gbogbo ayé ń pè lórúkọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo lọ bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun wọn funfun bí òwú, síbẹ̀ Tọ́ọ̀mù ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ sí mi. Òsì ni wọ́n fi nà án. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ náà, mo ń ronú ohun tí mo ṣe tí bàbá fi ń bú mi láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n rò pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe, wọ́n sì rọra fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn hàn mí.

Ẹnì kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni Súsánà, ọ̀dọ́bìnrin tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí kì í bu omi sí òótọ́ kó tó sọ ọ́. Òun ló máa ń lẹ wáyà mọ́ òkúta tí a fẹ́ wọ̀n.

Iṣẹ́ náà nìyí. Wọ́n á mú òkúta dídán méjì tí kò jọra, fẹ́lẹ́ bí èékánná, wọ́n á mú kí ọ̀kan dì mọ́ èkejì lórí. Ní ojúkò tí méjèèjì ti pàdé, àwọn ẹlẹ́kítírónì, ìyẹn àwọn nǹkan bíńtín tó ń gbé iná rìn, máa ń há síbẹ̀. Wọn kò lè gòkè, wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á kàn máa rìn ní pẹrẹsẹ bí èèrà láàárín ẹní méjì. A ó wá rì í sínú omi hílíọ́mù, tó tutù débi pé bí ẹ bá jáde síta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rò pé ìdí ààrò lẹ wà. Lẹ́yìn náà, a ó fi òòfà ńlá yí i ká. Bí òòfà bá ti mú wọn, gbogbo wọn á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń rọ́ lu ara yín nínú bọ́ọ̀sì Lalupon nígbà tí dírẹ́bà bá yà wìì ní kọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ kan á kún, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣófo. Ìyàtọ̀ àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì là ń wọ̀n, Họ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, bírò kan lára ẹ̀rọ á sì máa ya ìlà rẹ̀ sórí ìwé.

Nínú òkúta mìíràn, ẹlẹ́kítírónì kọ́ ló ń gbé iná, àyè tí ẹlẹ́kítírónì fi sílẹ̀ ni. Ihò ni wọ́n ń pe àyè náà. Ibi tí bírò bá gbà ló ń sọ èyí tó jẹ́, òkè tàbí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè kà á, ẹ ní láti fi ọwọ́ òsì ṣírò rẹ̀. Ẹ ó na àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e sí ọ̀nà mẹ́ta, ìka kan fún òòfà, ìka kan fún iná, àtàǹpàkò á sì sọ ibi tí wọ́n ń rọ́ sí. Òsì ni o. Bí ẹ bá lo ọ̀tún, ohun gbogbo á dorí kodò.

Mo mọ òfin yìí. Mo ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́fà, lórí pátákó, pẹ̀lú àwòrán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá Tọ́ọ̀mù dúró níwájú mi tí wọ́n ní, "Fi ọwọ́ rẹ júwe ibi tí wọ́n rọ́ sí," ọ̀tún ló dìde. N kò rán an. Àgbàlagbà wà níwájú mi, ọ̀tún sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Jígí ojú wọn ni Bàbá ń wá nígbà náà, wọn kò wo ọwọ́ mi. Mo kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé pé ihò ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú èèyàn méjìlá, mo kéde pé òkúta tí gbogbo wọn ti ń lò fún ọdún mẹ́rin, ihò ló wà nínú rẹ̀. Bàbá Tọ́ọ̀mù ní, "Ó dùn mọ́ni gan-an." Inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí a jáde ni Súsánà tó ṣàlàyé fún mi.

"Bí Tọ́ọ̀mù bá ní nǹkan dùn mọ́ni," ó ní, "ó túmọ̀ sí pé kò nítumọ̀ kankan, àmọ́ kò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ kó tó mu tíì. Ọwọ́ wo lo lò?"

Mo fi hàn án. Mo sì sọ ti pàṣán fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ẹnì kan á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Èwo lónìí?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dé ọkàn.

Òkúta tó yí ọ̀rọ̀ padà

Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, Súsánà lẹ wáyà mọ́ òkúta tuntun kan, irú èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì wọ̀n rí. Ó fà á lé mi lọ́wọ́ nítorí òkúta mìíràn wà tó wù ú jù láti wọ̀n. Mo kọ ÒSÌ gàdàgbà sára ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí agbára òòfà ṣì kéré, bírò gba ìsàlẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀, ẹlẹ́kítírónì ni. Hílíọ́mù wá tán. Mo dúró ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé òmíràn wá, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé, mo gbé agbára òòfà ga sí i. Bírò gba òkè. Ihò.

Mo jókòó. Mo wo ọwọ́ mi, òsì ni. Mo wo wáyà, ó wà bí Súsánà ṣe lẹ̀ ẹ́. Òkúta kan náà, wáyà kan náà, ó sì ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí olóṣèlú. Mo mú ìwé náà lọ bá Súsánà. Ó wò ó, ó wò mí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Èwo lo lò lọ́sẹ̀ yìí?"

"Òsì."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Òsì náà ni."

"Á jẹ́ pé o ti so wáyà rẹ sódì láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì."

Mo lọ bá Bàbá. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ó dùn mọ́ni.

Mo padà sílé Ìyá Jíìnì, n kò lè jẹ pòtétò. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí ara mi, kí n má sì purọ́, inú bí mi sí bàbá mi náà ní Lalupon níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìwé ìgbélùú mi parí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó máa fọwọ́ sí i, nítorí wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹni tí kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Orúnkún Ìyá Rísí sì ń dúró dè mí nílé.

Ibi tí mo jókòó sí náà ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ọwọ́ tó bá ṣì, ó ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Kì í ronú pìwà dà láàárín ọ̀nà. Bí mo bá lè wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró, lójú Bàbá, láti agbára kékeré títí dé ńlá, tí ìlà náà sì yà lójú wọn, kò ní sí ọwọ́ tí wọ́n lè dá lẹ́bi mọ́.

Ìgò hílíọ́mù kan

Ìgò hílíọ́mù kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ tèmi. Mo lọ sí ọ́fíìsì Bàbá láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jókòó tì mí. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fò dìde lórí àga, wọ́n ní ṣé kí àwọn pe ọkọ̀ aláìsàn. Mo ní rárá sà, bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn. Wọ́n wò mí nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Dìde," wọ́n ní. "Mò ń bọ̀ láago mẹ́wàá ọ̀la."

Láago mẹ́wàá, wọ́n dé, Súsánà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí kan. Kí n tó tan ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Júwe fún mi ibi tí bírò máa gbà, kó tó gbà á."

Ọ̀tún mi ti ń dìde. Mo rí i, Súsánà rí i, ó sì bo ẹnu. Mo fà á sẹ́yìn, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò. Mo gbé òsì sókè, mo na ìka mẹ́ta síwájú bàbá arúgbó, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ń ta mí níbi tí pàṣán máa ń bà. Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà, sà. Tó bá yá, á yà gba òkè."

Mo ń gbé agbára òòfà lọ díẹ̀díẹ̀. Bírò gba ìsàlẹ̀. "Ẹlẹ́kítírónì," ni Súsánà wí, "ìyẹn a mọ̀." Mo ń gbé e lọ. Bírò rọra lọ́ra, ó dúró, ó ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì kọjá ìlà àárín. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀tún mi wà nínú àpò, òsì tí mo fi ń yí bọ́tìnì òòfà sì wà lójú gbogbo wọn.

Mo ń dúró de "ó dùn mọ́ni." Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní, "Yí òòfà náà sódì, kí o tún un ṣe." Mo yí i sódì, ìlà náà sì yí sódì tẹ̀ lé e, ó kọ́kọ́ gba òkè, ó wá gba ìsàlẹ̀.

Súsánà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Méjèèjì ló wà nínú rẹ̀," ó ní. "Ẹlẹ́kítírónì àti ihò, lójúkò kan náà. Má bínú."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn ẹlẹ́kítírónì kéré níye, ṣùgbọ́n wọ́n yára. Àwọn ihò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra. Nígbà tí òòfà kò tíì le, àwọn tó yára ló ń borí. Nígbà tó le, àwọn tó pọ̀ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dìbò rí, kò yẹ kí èyí ṣòro fún yín.

Bàbá wá bi mí ní ohun tí n kò retí. "Pàṣán tí Súsánà sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni, sà.

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì tiwọn lé orí tábìlì, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Rúlà ni olùkọ́ mi fi ń lu tèmi," wọ́n ní. "Ìyàtọ̀ wa ni pé olórí kunkun lèmi." Wọ́n fa ìwé mi mọ́ra, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Òsì ni wọ́n fi fọwọ́ sí i, èmi náà sì na òsì, mo gbà á.

Ilé

Ẹ rí bí mo ṣe dé. Kí ẹrù mi tó kúrò lórí bọ́ọ̀sì ni Ìyá Rísí ti dé ọ̀dọ̀ mi. Orúnkún ti sàn, ìgúnpá ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró kí bàbá mi jẹun àárọ̀ tán kí n tó lọ bá wọn níta, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n dojú kọ ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá mi ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?" wọ́n ní. "Má fi gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn."

Mo mú ẹní méjì, mo tẹ́ ọ̀kan lé èkejì, mo sọ ti èèrà tó há sáàárín wọn. Mo sọ ti òòfà. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí.

"Nígbà tí òòfà bá mú wọn," wọ́n ní, "ibo ni wọ́n ń rọ́ gbà?"

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo na ìka mẹ́ta. Àtàǹpàkò mi nà tààrà sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Òsì ni. Mo ti nà án tán kí n tó mọ̀. Ìyá mi dáwọ́ dúró lórí gàrí.

N kò fà á padà. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí lọ́dọ̀ Bàbá Tọ́ọ̀mù lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá lo ọ̀tún, irọ́ ni mo pa fún wọn.

Bàbá mi wo ọwọ́ náà pẹ́.

"Ṣé òun náà nìyí? Èyí tí mo máa ń lù?"

"Òun náà ni, bàbá."

"Òun ló bá ọ gba oyè tí wọ́n ń wí yẹn?"

"Òun ni, sà."

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n dì í mú. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, níbi tí pàṣán máa ń bà. Omi ń bọ̀ lójú mi, mo gbójú sókè. Nígbà tó pẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kan mú ife, wọ́n bu omi láti inú àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n nà án sí mi. Mo rọra fa òsì mi, kí n fi gbà á.

"Ọ̀tún," ni wọ́n wí.

Mo fi ọ̀tún gba omi náà, mo mu ún. Wọn kò tíì fi òsì mi sílẹ̀.